Mo Di Olówó Nínú Ìwé Ọsibítù

Ọdún tí ìjì ká páànù ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ítapàjí ni. Ẹ bá mi gbọ́ ohun tójú mi rí. Mi ò kàwé, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́.

Kókó kan yọ sí mi lọ́mú. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní àwọn ń dán oògùn tuntun kan wò, pé bí mo bá gbà kí wọ́n lò ó fún mi, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n n ó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n ò gbọdọ̀ pa á jẹ. Ta ni yóò kọ̀ ọ́? Mo tẹ̀ka!

Nọ́ọ̀sì wá gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì, láàárín èrò. Ta ló jókòó tì mí? Ìyá ọmọbìnrin tí Déjì ọmọ mi fẹ́ fẹ́! Òun náà wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdána sì ku oṣù kan.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, kí ló ń wọlé fún yín lóṣù? Ta ló ń gbọ́ bùkátà yín?"

Lójú àna? Kí n ní Déjì ò ríṣẹ́ l'Ékòó, pé ẹ̀gẹ́ oko mi la ń jẹ? Mo ní Déjì ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù, a dúpẹ́.

Àna mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá Déjì, ẹ kú oríire ọmọ o!"

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí kò ní ni wọ́n ń fún lówó ọkọ̀!

Ọ̀kadà dé Ìkọ̀lé, ọkọ̀ dé Ọ̀yẹ́, òmíràn dé ọsibítù. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, n ò rówó ọkọ̀. Ìkẹfà, bákan náà. Ìgbà tí n ó fi dé, wọ́n ti yọ mí kúrò. Mo sọ òótọ́, mo bẹ̀bẹ̀ títí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ní ọmọ yín ń tọ́jú yín."

Inú bí mi! Ṣé àárín èrò ló yẹ kí wọ́n ti bi mí? Ṣé tálákà ò ní àṣírí ni?

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n padà ṣe fún mi. Oko etídò tí ọkọ mi fi sílẹ̀ la tà sí i. Ẹ̀yin tírú èyí ti ṣe rí, ẹ sọ tiyín, ọmọ yìí á kà á fún mi.

Nígbà tí egbò san, mo pe Déjì àti àbúrò rẹ̀. Mo ní, "Ìtìjú mi ló ta ilẹ̀ baba yín. Bí wọ́n bá bi yín ní ọsibítù, ẹ sọ bí ulé ṣe rí. Àna tó bá máa sá, kó tètè sá!"