Ọjọ́ Tí Mo Fa Màmá Séfí Dìde

Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni, ọ̀sẹ̀ tí òjò ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu, tí omi ti ń dúró sójú ọ̀nà iwájú géètì wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi nípa ìjà náà. Wọ́n á ní Bọ́lájí, akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ló dá a sílẹ̀. Irọ́ ni. Èmi Wàsíù ni mo dá a sílẹ̀, èmi náà ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Mi ò ní pẹ́, èmi kì í lè jókòó pẹ́ síbì kan.

Bàbá Ràímì ni mẹ́gáàdì wa nígbà yẹn. Ará Kétu ni, àgbàlagbà, yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ló ń gbé. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ò tóbi, ẹ̀yin náà ẹ rí i, ilé alájà kan ṣoṣo àti àgbàlá. Àwa ọmọ Nàìjíríà la pọ̀ jù níbẹ̀, a ò gbọ́ Faransé, a ò gbọ́ Fọ̀n. Ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì mi, Bàbá Ràímì lẹni tó kọ́kọ́ kí mi ní Yorùbá.

Ó ní, "Ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo ní ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, kò sẹ́ni tó mọ bàbá mi níbí.

Ó ní, "Ṣé mo bi ẹ́ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n ni?" Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ọgbà, sílé Màmá Séfí, opó kan tó ń ta òkírìkà ní ọjà Missèbo. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá Séfí, ọmọ rẹ dé o." Ó parí. Màmá ti ń wá ẹní.

Bó ṣe ń ṣe fún gbogbo wa nìyẹn. Ẹni tó bá dé, á wá màmá fún un ládùúgbò. Tí ibà bá dá ẹ dùbúlẹ̀, tí kò rí ẹ kó o kọjá láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán Bàbá ti ránṣẹ́ sí màmá rẹ. Tí òjò bá wọ ilé màmá rẹ, Bàbá á kó wa jáde ní kíláàsì ká lọ gbọ́n omi. Olùkọ́ á máa pariwo, àwa á ti lọ.

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri. Wọ́n ti gba ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aláṣọ dúdú kan tí yóò máa ṣọ́ géètì. Tó bá di Jímọ̀, Bàbá Ràímì á kó jáde, wọ́n á sì wó yàrá rẹ̀.

Ẹlòmíì ń sunkún, èmi gorí bẹ́ǹṣì. Mo ní kò sẹ́ni tó máa wọ kíláàsì. Ohùn mi, ẹ bi wọ́n, wọ́n gbọ́ ọ dé títì. Síbẹ̀ mo lọ yá gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn eku ní Missèbo. Bí Dáírẹ́kítọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe yọjú lójú fèrèsé báyìí, mo tẹ bọ́tìnnì tí kò yẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó oògùn eku ní Fọ̀n.

Bọ́lájí ní, "Ààrẹ, ẹ kú iṣẹ́. Eku ti gbọ́."

Bàbá Ràímì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wàsíù, ta ló rán ẹ?"

"Ẹ̀rí ọkàn mi ni, Bàbá."

"Ṣé ẹ̀rí ọkàn yẹn ò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni? Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú..." Kò parí òwe náà. Èmi ò sì dúró gbọ́ ọ.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó sẹ́nu géètì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn màmá adúgbò dé, Màmá Séfí níwájú. Wọn ò kọrin, wọn ò gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Dáírẹ́kítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Ọmọ Pọ̀bẹ̀ ni, Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ ibẹ̀ bíi tiwọn, Màmá Séfí sì fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ. Ó ti fẹ́ máa kí wọn. Màmá Séfí tún ìró rẹ̀ ró, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ni gbogbo wọn bá kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa fi Ràímì sílẹ̀."

Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná. "Ẹ dìde, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mí báyìí. Ẹ dìde ká sọ̀rọ̀."

"Etí wa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ níbí náà."

Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lóṣòó, tòun ti kóòtù rẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa rẹlẹ̀ jù wọ́n lọ, orúnkún rẹ̀ kan ẹrẹ̀. Mo rí i tó la ẹnu.

Àmọ́ ojú mi ò sí lára rẹ̀ mọ́. Orúnkún Màmá Séfí ni mò ń wò. Nígbà tí ibà mú mi, orí orúnkún yẹn ni mo gbé orí lé tó fi ń fún mi lẹ́kọ mu. Inú bí mi. Mo fò sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo di apá rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ̀tọ́ wa là ń béèrè, a ò tọrọ báárà."

"Wàsíù, fi mí sílẹ̀."

Mi ò fi í sílẹ̀. Agbára wà lára mi, mo fà á dìde. Nígbà tó dìde, àwọn tó kù dìde. Dáírẹ́kítọ̀ náà dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Èmi ló sọ ọ́ fún. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo rò pé mo ti borí. Màmá Séfí ò pariwo. Ó ń ha ẹrẹ̀ kúrò lára ìró rẹ̀, ó ní, "Wàsíù, ọmọ Nàgó wo ló máa jẹ́ kí àgbà obìnrin kúnlẹ̀ fóun, kó tún ní rárá? Wọ́n á gbọ́ ọ ní Pọ̀bẹ̀. Ìyá tó bí i á gbọ́ ọ. 'Bẹ́ẹ̀ ni' ló wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Ìwọ lo tú u sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká pè é padà, kẹ́ ẹ tún kúnlẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀kan là ń ṣe é, ọmọ mi."

Ní Jímọ̀, a bá Bàbá kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ekpè. Ẹní, rédíò, kẹ́tùrù, kò ju ìyẹn lọ. Bàbá kí gbogbo wa lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó fọwọ́ lé mi lórí.

Kí la wá rí gbà? Wọn ò lé akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Àwa tí Bàbá fà lé àwọn màmá lọ́wọ́, wọn ò kọ̀ wá títí dòní. Ohun tá a pàdánù, ẹ̀ ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́: ọkùnrin aláṣọ dúdú tí kì í bi yín lóhun kan àfi káàdì. Èmi fi ìwé sílẹ̀ kó tó di ọdún kẹta, ìwé ló ń falẹ̀, kì í ṣe èmi. Màmá Séfí ni mò ń bá ta òkírìkà báyìí. Mo ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde kí ọbẹ̀ tó tutù.

Lẹ́yìn Ìtunu Ààwẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Bàbá ní Ekpè. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó béèrè Bọ́lájí, ó béèrè gbogbo wa, kò gbàgbé ẹnì kan.

"Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ńkọ́? Kí lorúkọ wọn?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n, Bàbá. Mi ò kàwé níbẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Èmi náà ò kàwé níbẹ̀."

Ìdí tẹ́ ẹ fi ń rí mi lẹ́nu géètì láràárọ̀ nìyẹn, kí n tó lọ sí Missèbo. Ẹni mẹ́ta ti ní màmá nínú yín. Ẹ̀yin tó kù, tí mo bá béèrè orúkọ yín, ẹ dákun, ẹ dúró, ẹ sọ ọ́ fún mi.