Orin Ọkọ̀ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìkòròdú

N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà rí, n kò sì ní purọ́ nítorí pé ó ti kú. Òun ni àgbà olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìkòròdú nígbà tí wọ́n rán mi wá láti Èkó, èmi ọmọ Sàró tí kò tíì pé ogún ọdún. Ìwé kíkà àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni mo wá kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ pé òyìnbó ìjọ ń bọ̀ wá wò wá, ó ní kí n kọ́ wọn lórin. Mo ní n kò kọ́ ẹnikẹ́ni lórin rí. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní ohùn mi dà bíi ti ewúrẹ́ tí òjò pa, àfi pé òun kò rí ẹlòmíràn.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà, tó gbé e lé ohùn orin òyìnbó. "Olúwa ni ọkọ̀ wa," bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni mo ń dúró níwájú àwọn ọmọ, tí ohùn mi kò jáde dáadáa. Òun a jókòó sẹ́yìn, a máa rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

Láìpẹ́, ìyá ẹlẹ́ja kan láti èbúté wọlé tọ̀ wá wá, ó fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ dání. Ó béèrè ẹni tó ní kí á fi ọmọ òun fún ọkọ láìsọ fún òun. Ọmọ náà ti ń kọrin káàkiri agbolé pé Olúwa ni ọkọ àwọn.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọkọ̀ ojú omi là ń wí."

"Ìwọ ọmọ Sàró, ṣé etí mi ló di? Ọkọ ni mo gbọ́."

Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn ìyá mìíràn tẹ̀ lé e, àga sì ṣófo. Àgbà olùkọ́ ní èmi ni mo ba orin òun jẹ́.

Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo ń kùn orin náà lábẹ́lẹ̀, inú ń bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: ohùn orin náà ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń sọ̀ kalẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe di ọkọ nìyẹn. Ohùn mi kọ́ ló burú.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí àwọn tó kù kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lásán, bí ẹni ń ké sí ará òdìkejì omi. A ń fà á gùn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di orin. Etí mi wà lára wọn débi pé n kò mọ ìgbà tí ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde dáadáa. Àgbà olùkọ́ ní igbe kèfèrí ni, n kò gbọdọ̀ kọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ tí òyìnbó dé, àgbà olùkọ́ dìde, ó dá orin tirẹ̀. Mo bọ́ síwájú àwọn ọmọ, mo dá tèmi. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n gbe orin mi. Ó pariwo títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi le, ikọ́ ló dá a dúró. Òyìnbó ń mi orí sí wa. Bóyá kò mọ̀ pé orin méjì ni.

Àgbà olùkọ́ bẹ àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n mú mi kúrò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ wá sí ìlú tí wọn kò ti fẹ́ wa. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn kò dá ọmọ rẹ̀ padà. Bí èmi àti ìyá náà bá pàdé lójú ọ̀nà, òun a tutọ́ sílẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó kù lórin síbẹ̀, ẹ̀rù kò bà mí mọ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, àgbà olùkọ́ a jáde lọ dúró sínú oòrùn. A kò kí ara wa títí ìjọ fi ní kó lọ máa kọ́ni ní Ẹ̀pẹ́.