Ẹlẹ́ja Tí Kì Í Jẹ Ẹja

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan ni Ìyá Gbénga ru agbọ̀n ẹja tí ó rà lọ́wọ́ mi padà wá, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síwájú ìsọ̀ mi ní ọjà Ìkòròdú. Ìyá Gbénga ní ilé oúnjẹ ní Lásúnwọn, òun sì ni oníbàárà mi tó tóbi jù. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bá ara wa nájà, a kò sì jà rí.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ má bínú," ó ní. "Mi ò lè se ẹja yìí fún àwọn kọ́sítọ́mà mi. Wọ́n ní àwọn apẹja ń da kẹ́míkà sódò láti fi pa ẹja. Wọ́n tún ní ẹ̀yin fúnra yín kì í jẹ ohun tí ẹ̀ ń tà."

Ti kẹ́míkà, kò kan ẹja tèmi rárá. Ṣùgbọ́n ti pé n kì í jẹ ẹja, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ mi ti há.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹja yíyan, lọ́dọ̀ Àǹtí Súlíà, àbúrò ìyá mi. Àǹtí Súlíà kì í fi ẹnu kọ́ni lásán. Ọwọ́ ló fi ń kọ́ni, nígbà mìíràn ọwọ́ náà a sì balẹ̀ sí ẹni lẹ́yìn. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ká ẹja àrọ̀, tí a ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ìrù mọ́ orí rẹ̀ kí ó má baà tú lórí iná. Ó kọ́ mi pé èèpo àgbọn ló ń mú kí ara ẹja pọ́n kó sì máa dán, àti pé èéfín igi tútù máa ń mú un korò. Lọ́jọ́ kan ó ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń já ẹja sẹ́nu wò bóyá ó ti gbẹ. "Ọ̀jẹun ló ń fi ẹnu mọ ẹja tó gbẹ," ó ní, "ẹlẹ́ja a máa fi etí mọ̀ ọ́n." Ó fi èékánná kan ẹja náà lára, ó sì dún kókó. Láti ìgbà náà, etí ni mo fi ń yan ẹja.

Nígbà tí mo lọ́kọ sí Ìjẹ̀dé, mo mọ ààrò tèmi sí ìtòsí ọ̀sà. Bàbá Ẹ̀bùn, apẹja Ìlàjẹ kan tí ó máa ń gbàdúrà sórí àwọ̀n rẹ̀ kó tó sọ ọ́ sómi, ló ń kó ẹja fún mi láti abúlé wọn. Láàyè ni ẹja rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ mi, èmi ni mo sì ń pa wọ́n. Àrọ̀ kì í kú bọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ń ṣe é, inú mi ń kọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bu oúnjẹ mi, mo wo orí ẹja tó wà nínú abọ́, mo sì gbé e fún ológbò. Kò pẹ́ tí mo fi pa ẹran jíjẹ náà tì. N kò jẹ́ ẹ̀jẹ́, dókítà kò sì dá mi lẹ́kun. Ó kàn sú mi ni.

Bí mo bá sọ pé èèwọ̀ ìdílé mi ni, kò sí ẹni tí ì bá yọ mí lẹ́nu, nítorí kò sí ilé tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kàn sọ pé òun ò fẹ́! Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dà mí láàmú, àwọn kan ní ìjọ tuntun kan ni mo ń bá ṣe. Nítorí ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tí mò ń jẹ, àbúrò ọkọ mi sọ mí ní Ewúrẹ́ Ìjẹ̀dé. Bàbá Bọ̀sẹ̀, ọkọ mi, kò rí i bí ohun ẹ̀rín. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ìkọ́kọrẹ́ tí kò lẹ́ja nínú abọ́ mi sì dà bí èébú lójú rẹ̀. "Kí ni ẹja fi ṣe ẹ́ gan-an?" ló máa ń bi mí, a sì máa fajú ro títí a ó fi palẹ̀ abọ́ mọ́.

Àwọn mìíràn bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì ń tà á. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, òun la fi ń rán Bọ̀sẹ̀ lọ sílé ìwé. Ẹni tó ń ta bàtà ọmọdé náà kì í kúkú wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ti di púpọ̀ kí oòrùn tó mú. Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa ọlọ́jà, ẹni tí kò sí lọ́jà pàápàá ti gbọ́. Àwọn oníbàárà mìíràn tún dá ẹja padà. Mo ṣàlàyé títí pé láàyè ni ẹja mi ń dé, pé ẹja tí kẹ́míkà pa kì í ta pútúpútú nínú agbọ̀n.

"Ta ló bá yín rí i?" ni obìnrin kan dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn èrò.

Ìyá Gbénga rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá mi. "Ẹ jẹ ẹyọ kan péré lójú gbogbo wa," ó ní, "kí ọ̀rọ̀ parí. Èmi náà ò fẹ́ fi yín sílẹ̀."

Mo mú àrọ̀ kan. Inú bí mi, ojú sì tì mí. Mo mọ̀ pé bí orúkọ mi bá bàjẹ́ lọ́jà yìí, ààrò mi kú nìyẹn, Bàbá Ẹ̀bùn náà yóò sì wá ẹni tí yóò ra ẹja rẹ̀ tì. Mo tún mọ̀ pé bí mo bá gbé e mì, wọn kò ní jẹ́ kí n kọ ẹja mọ́ láé. Mo yanu.

Ẹnì kan gba ẹja náà lọ́wọ́ mi. Bàbá Bọ̀sẹ̀ ni. Ìpakòdo ló ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ẹnì kan ló sì fi fóònù pè é níbẹ̀. Èérún pákó ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ènìyàn tí ọkọ mi jẹ́. Kì í jẹun níta. Omi lásán, kì í mu ún lójú títì. Ó gbà pé àgbàlagbà tó bá ń jẹun láàárín ọjà ti bọ́ra sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ọkùnrin yìí ló dojú bàsíà mi dé, tó jókòó lé e, láàárín ọjà Ìkòròdú.

"Ìyá Gbénga, ẹ fi ọwọ́ ara yín mú èyí tó bá wù yín nínú agbọ̀n yẹn."

Ìyá Gbénga yan èyí tó tóbi jù. Ọkọ mi jẹ orí, ó jẹ ìrù, ó fa egungun. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni títí ó fi tán.

"Ẹ wo ikùn mi," ó ní nígbà tó nu ẹnu tán. "Ẹja obìnrin yìí ló kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ májèlé ni, ẹ ò bá ti jẹ sàráà mi tipẹ́."

Ẹ̀rín bú sọ́jà. Obìnrin tó wà lẹ́yìn èrò kò tíì fẹ́ gbà. "Kí ló wá dé tí ìyàwó yín ò fi jẹ ẹ́, sà?"

"Kò wù ú. Ṣé dandan ni?"

Mo wò ó bí ẹni pé n kò rí i rí. Ohun tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ láti ọdún pípẹ́, òun ló sọ ọ́ wẹ́rẹ́ yìí. Ìyá Gbénga bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya díẹ̀ lára ẹja tó kù nínú agbọ̀n, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká òṣùká rẹ̀ sórí. "Ẹ gbé e rù mí, jàre," ó ní. "Oúnjẹ ọ̀sán ti ń pẹ́."

Mo jókòó sórí àpótí mi, mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú mi. Ara mi fúyẹ́ débi pé n kò lè dìde ta ẹja fún ẹni tó kàn.

Nígbà tí a ń lọ sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ń retí ìbáwí. Mo ní kí n tètè yẹ ẹ́ sílẹ̀.

"Bàbá Bọ̀sẹ̀, ẹ ṣeun. Tí ẹ bá fẹ́ kí n máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ mọ́..."

Ó dúró. "Má jẹ ẹ́," ó ní. "Mo rí ojú ẹ nígbà tó o fẹ́ fi í sẹ́nu. Mi ò fẹ́ rí irú ojú yẹn mọ́."

A wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀dé. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní ìgboro, oorun ti gbé mi lọ ní èjìká rẹ̀.