Èdè Tí A Fi Ń Jà

Lẹ́yìn ogun, nígbà tí owó epo dé tí wọ́n ń tún Onitsha kọ́, yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé lẹ́bàá Iweka Road. Akọ̀wé báńkì ni, èmi sì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ níwájú ilé. Ògiri ilé náà fẹ́lẹ́. Onídìrí ọmọ Ìjẹ̀bú ló wà lápá ọ̀tún wa. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ á ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ose ló wà lápá òsì, ó gbọ́ Ìgbò, gbogbo ilé ló sì gbọ́ píjìn. Ọkọ mi bá ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì tó ga la ó máa fi jà, kí àṣírí wa má baà tú.

Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Òun nìkan ló gbọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀. Ó pè mí ní "obstinate" lọ́jọ́ kan, mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n dúpẹ́. Mo lọ ra ìwé atúmọ̀ èdè. Olórí kunkun ló pè mí. Mo há àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ sórí, "stubborn", "headstrong", bí mo ṣe ń tẹ máṣíìnì. Tí ìjà bá gbóná tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, màá ní kó dúró, màá ṣí ìwé. Á jókòó dè mí, á máa jẹ ẹ̀pà.

Kò pẹ́ tí ìyá aláta fi ń pe ewúrẹ́ rẹ̀ ní "obstinate". Àwọn ayálégbé ń gbé àpótí wá sábẹ́ fèrèsé wa nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní ká tún ọ̀rọ̀ kan sọ, ká fi ìtumọ̀ rẹ̀ sí i.

Ni báńkì bá gbé ọkọ mi lọ sí Makurdi. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ pàṣẹ pé kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n tẹ̀ lé òun. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó jẹ́ tèmi láyé. Mo ti to ọ̀rọ̀ ńláńlá sílẹ̀ dè é, àmọ́ nígbà tí mo lanu, Yorùbá ló jáde.

"Mi ò lọ."

 Òun náà fi Yorùbá dáhùn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ta ni màá wá máa bá jà níbẹ̀?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní kó máa wá jà ní ìparí oṣù.

Lóde, àwọn ayálégbé ti yí onídìrí ká pé kó bá àwọn túmọ̀ ohun tí a sọ. Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa.