Ọkọ̀ Funfun Tó Ti Savalu Wá

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán Sátidé kan lásìkò kajú, nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ Bantẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, àti oníbẹntiróò kan, ọmọ Nàìjíríà, tó yá wa ní jẹnẹrétọ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ lẹ́tà gba inú yàrá náà, òórùn èso kajú tó ti ń kan sì ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá a. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn méjèèjì yẹn pọ̀, etí mi a máa wá ìró tẹlifóònù.

Ìwọ náà á rántí eré orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn, èyí tí ọkọ̀ ojú omi méjì ń lé ara wọn kiri láàárín àpáta, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó dà bí ẹni pé àwọn tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe é fún ti di ohun tí wọ́n ń kó wá sí Kútọnu pẹ̀lú fíríìjì ògbólógbòó. Méjì nínú wọn bọ́ sí mi lọ́wọ́. Rédíò ni mo ń tún ṣe nígbà yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí kí n tó wọ ilé ìwé, àwọn ọmọ tí orí wọn kò kọjá àyà mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń di bírò mú. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú kì í fi tì mí láti jókòó síwájú ohun tí n kò mọ̀. Ó gbà mí ní ọdún méjì kí n tó lóye bí wọ́n ṣe to ètò inú eré náà.

Eré ẹni méjì ni, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ kan náà. Ohun tí mo ń wá ni pé kí ẹnì kan wà ní Bantẹ̀, kí ẹnì kejì wà ní Savalu, kí okùn tẹlifóònù sì so wọ́n pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò rán mi níṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ràn eré náà, mi ò sì fẹ́ kó kú.

Ẹni tó wà ní Savalu ni ọmọbìnrin ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ń kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé níbẹ̀, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù. Òun ló ń bá mi tẹ ètò náà, torí ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. A fẹ́ fẹ́ ara wa, bàbá rẹ̀ sì mọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ó pè mí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé: "Màá ṣílẹ̀kùn fún ọ lọ́sàn-án Sátidé. Bí nǹkan yìí bá ṣiṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ohun ìṣeré lo fi ń ṣòfò ọjọ́ ayé rẹ. Ọmọ mi á lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Kútọnu." Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá."

Tẹlifíṣọ̀n ni ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ní àpótí kékeré kan tó ní ihò rọ́bà méjì lórí. Èèyàn á gbé tẹlifóònù lé ihò náà, ẹ̀rọ á máa han sínú rẹ̀ bí ìrẹ̀, èkejì á sì máa han padà láti ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá gbọ́ ara wọn láàárín ìṣẹ́jú kan, eré bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ̀rọ á dákẹ́, a ó sì tún ka gbogbo ètò náà wọlé láti orí kásẹ́ẹ̀tì. Ogún ìṣẹ́jú nìyẹn.

Aago mẹ́rin lù, tẹlifóònù dún. Mo ti ka ètò náà wọlé ṣáájú, mo sì mú un ṣiṣẹ́. Ọ̀gá nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé tẹlifóònù ibẹ̀, ó sì gbé e. Ó kí ọmọ rẹ̀ kú ọ̀sán, ó kí i kú ooru, ó kí i kú ìwé. Ó ní kó gbé e fún àǹtí rẹ̀, ó kí ìyẹn kú ọjà, ó béèrè ọkọ rẹ̀, ó tún béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ọkọ rẹ̀. Nígbà tó fi gbé e lé ihò rọ́bà, ẹ̀rọ mi ti dákẹ́.

Oníbẹntiróò bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Bantẹ̀, ìkíni yín gùn ju ọ̀nà Savalu lọ!"

Lẹ́ẹ̀kejì, mo dúró títí Bàbá fi kí wọn tán, kí n tó mú ètò náà ṣiṣẹ́. Ìrẹ̀ tiwa han, ti Savalu dáhùn. Mo rí i tí àpáta àti omi yọ lójú ẹ̀rọ. Àfi bí Bàbá ṣe fò dìde: "Yéè! Ìyàwó ilé wọn bímọ lọ́jọ́ Túsìdé, mi ò tíì kí wọn kú ewu ọmọ!" Ó ti gbé tẹlifóònù sétí. Omi òun àpáta parẹ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sọ tiẹ̀ ná," ni oníbẹntiróò wí.

"Ká gbé tẹlifóònù, ká má kí èèyàn? Ṣé olè ni wá ni?"

Mo mọ̀ pé kò fẹ́ ba nǹkan kan jẹ́. Mo sì mọ̀ pé àna mi lọ́la kì í ṣe ẹni tí mo lè sọ fún pé kó panu mọ́. Nígbà tí a fi tún ka ètò náà wọlé tán, oòrùn ti ń fara kan igi kajú. Mo jókòó, mo wo ètò mi, ó wá hàn sí mi pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo ti ṣe ilẹ̀kùn kan tí kò fàyè gba ìkíni.

Mo bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí n bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ka ìlà mẹ́rin fún un, ó ń tẹ̀ ẹ́ ní Savalu, èmi náà ń tẹ tèmi.

"Tún ìlà kẹta kà," ó ní.

Mo tún un kà.

"Ṣé ìkíni lo fẹ́ kó máa ṣe?"

"Ìkíni ni. Kò gbọdọ̀ ka ìṣẹ́jú mọ́. Kó dúró títí ẹnì kejì á fi dáhùn."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo gbé tẹlifóònù lé ihò rọ́bà, mo sì fi àga mi sílẹ̀ fún Bàbá. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́: E KAASAN O. ARA ILE NKO? ALABIYAMO NKO?

A dúró. Ojú ẹ̀rọ dúdú. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń rìn bọ̀ láti òkèèrè: E KAASAN BABA. MO WA LORI IKUNLE. IYA ATI OMO WA DAADAA.

Bàbá ṣí fìlà. "Ta ló ń kọ èyí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́?"

Láti Bantẹ̀, mi ò lè rí i. Kí n tó sọ̀rọ̀, omi ti tẹ́ lójú ẹ̀rọ, ọkọ̀ pupa wà lápá ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ funfun wà lápá kejì. Ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà ò fọwọ́ kan ọkọ̀ funfun yẹn. Ó gbéra, ó rọra gba àárín àpáta wá, ó yí ọkọ̀ wa po lẹ́ẹ̀mejì, kó tó sá lọ. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí a jọ ń jókòó sídìí ẹ̀rọ kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń yí mi po. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo oko àti igbó tó wà láàárín wa, ó gbà á kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yí padà. Oníbẹntiróò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ tábìlì. Bàbá na ọwọ́ sí ọ̀pá eré tí a fi ń darí ọkọ̀, mo gbé e fún un, òun àti ọmọ rẹ̀ sì lé ara wọn títí oòrùn fi wọ̀.

"Ọ̀la Sọ́ńdè ni," ló wí bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn. "Wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ká sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, a gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sí Savalu tó ń gba ẹnikẹ́ni tó bá pè é, tó sì ń so wọ́n pọ̀ mọ́ra. Olùkọ́ kan pè láti Akpasi, àwọn kan pè láti Parakú, àgbàlagbà tí wọ́n ti rò pé eré náà kú pẹ̀lú ìgbà èwe wọn. Ìkíni ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń bá pàdé. Èmi àti ìyàwó mi ò yọ ọ́ kúrò rí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí ikú mú ìyàwó mi lọ. Wọ́n máa ń bi mí bí mo ṣe ń fara da ìdákẹ́jẹ́ ilé. Mi ò kì í lè ṣàlàyé fún wọn pé mo ti rí i rí, pẹ̀lú ojú mi, pé ọwọ́ èèyàn lè dé ibi tí ara rẹ̀ kò sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé Sátidé yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo gun alùpùpù lọ sí Savalu. Àǹtí rẹ̀ ti mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìwọ lo kọ́ ọmọ yìí pé kó máa kúnlẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n?" ló fi kí mi. Eruku pupa ojú ọ̀nà ti bo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n níwájú tábìlì ẹ̀rọ, ojú ibi méjì mọ́ roboto, níbi tí orúnkún ti nu ún.

Mo bẹ àǹtí pé kí wọ́n má tíì gbá ibẹ̀.