Ohùn Ìbọn Inú Géèmù Àtijọ́

Ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù ló lé géèmù tuntun kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, wọn ò jẹ́ kí epo dé àwọn ilé epo tó sún mọ́ ẹnubodè mọ́, àwa ará Ayétòrò sì wà lára àwọn tó jìyà rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé ẹ̀rọ géèmù tuntun àti tẹlifíṣọ̀n ńlá rẹ̀ ń mu epo bí ẹni mu omi. Mo fi aṣọ wé wọn, mo kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, mo sì nu eruku kúrò lára ẹ̀rọ àtijọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, nítorí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé ìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù pákó ni mo ní lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgbógílà. Àwọn èèyàn á sanwó, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù tàbí kí wọ́n yìnbọn nínú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Géèmù ni wọ́n ń pè mí. Géèmù ìbọn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, o ò ní rí ara rẹ. Ọwọ́ rẹ àti ìbọn nìkan lo máa rí nísàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, bí ẹni pé ìwọ gan-an lò ń rìn lọ. Ohun tí a ń dì mọ́wọ́ láti fi darí rẹ̀ là ń pè ní pádì. Èèyàn méjì lè jọ ṣe é: ojú tẹlifíṣọ̀n á pín sí méjì, kálukú á máa wá ẹnì kejì rẹ̀ kiri.

Ọjọ́ tí mo gbé èyí àtijọ́ padà dé, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣẹ́gun, tó ń kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaro tó sì wá sílé, wò ó títí.

“Bàbá Géèmù, ṣé èèyàn lèyí, àbí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò léra?”

“Èèyàn ni.”

“Imú ẹ̀ dà?”

Làmídì ọlọ́kadà, tó ti jẹ́ oníbàárà mi láti ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn ṣì jẹ́ tuntun, mú pádì kan. “Jókòó síbẹ̀ kó o máa wá imú. Kó o tó rí i, màá ti yìnbọn fún ẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

N ò ní purọ́, àwòrán rẹ̀ ti gbó. Ògiri inú rẹ̀ dà bíi páálí tí òjò pa. Èèyàn sì máa ń ṣìnà níbẹ̀, torí gbogbo yàrá ló jọra. Ṣùgbọ́n bó o bá ti tàn án, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò ní béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní ní kó o dúró de òun. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣe yá tó ni ìbọn rẹ náà á ṣe yá tó. Kò pẹ́ tí Ṣẹ́gun kò fi béèrè imú mọ́.

Ohùn rẹ̀ ló burú jù. Ìbọn rẹ̀ kì í dún bí ìbọn, bí ẹni ń fi igi lu agolo ló ń dún. Ti tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá dún, àyà rẹ á já. Nígbà tí a ṣì ń lò ó, Ìyá Mulí aránṣọ, tó múlé tì mí, máa ń sá kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, á tún padà wá bú wa.

Ìbọn gidi kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Àwọn onífàyàwọ́ ń gbé ìrẹsì gba ọ̀nà igbó láti apá Ìjoún. Mọ́tò wọn á já wọ ìlú pẹ̀lú eré burúkú, àwọn aṣọ́bodè tó ń lé wọn á wà lẹ́yìn, ọta kì í sì í béèrè orúkọ. A ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: bó o bá gbọ́ ọ, dọ̀bálẹ̀, má sì yọjú wòran.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà kan, Ìyá Mulí wọlé wá mú fóònù tó fi sí iná lọ́dọ̀ mi. Ṣẹ́gun àti Làmídì wà nídìí pádì. Mo ti yí ohùn géèmù sókè, torí òun ló ń pe oníbàárà wọlé. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, agolo ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Lójijì, ìró mìíràn dún, ó wúwo, ó mi ilẹ̀.

Làmídì ju pádì nù. “Ìyẹn ò sí nínú géèmù o! Ẹ dọ̀bálẹ̀!”

Ó fa Ṣẹ́gun lẹ́sẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti orí àga. Ìyá Mulí ti wà nílẹ̀ ṣáájú gbogbo wa. Èmi dojú bolẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn. A gbọ́ táyà tó ń han, ìbọn tún dún, nǹkan kan la pákó kọjá, eruku sì dà sí wa lọ́rùn. Mo ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo sì ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn.

Nígbà tó yá, ìta dákẹ́.

“Ìyá Mulí, ṣé ẹ wà láàyè?” Ṣẹ́gun ló béèrè bẹ́ẹ̀.

“Ta ló ní kí n kú? Gbé ìgúnpá ẹ kúrò lẹ́yìn mi!”

Làmídì bú sẹ́rìn-ín. “Wọ́n ń lé onífàyàwọ́, àwa là ń fi àyà wọ́lẹ̀.”

Gbogbo wa bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ṣeé dá dúró. Omi ń bọ́ lójú mi.

Ìgbà tí a dìde la rí ihò lára pákó, a sì rí òmíràn lára ẹ̀yìn àga oníke tí Ṣẹ́gun jókòó lé. Ó ti ìka bọ̀ ọ́.

“Ká ní géèmù tuntun là ń lò ni...”

“Má parí ẹ̀,” ni Ìyá Mulí wí.

Kò parí ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: à bá jókòó síbẹ̀, à bá máa jiyàn lórí ẹni tó yìnbọn fún ta ni. Ẹni tó yìnbọn ojú títì, n ò mọ̀ ọ́n, n ò sì béèrè. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ sílé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

Bọ́dà ti ṣí báyìí, ẹ̀rọ tuntun sì ti padà sí àyè rẹ̀. Nígbà Iléyá tó kọjá, Ṣẹ́gun wá láti Ìlaro, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní èyí àtijọ́ lòun fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́. Làmídì ń yìnbọn fún un ṣáá, ó sì ń bi í bóyá ìwé ló ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi etí kan gbọ́ wọn, mo fi èkejì gbọ́ ojú títì. Ọ̀kadà kan kọjá. Obìnrin kan ń kiri ẹ̀kọ. Kò sí ìró mìíràn.