Ẹni Tí Bàbá Mi Sọ Ọ̀rọ̀ Ẹrú Fún

Òjòwú ni mí, mi ò sì ní fi bò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí ojú mi lọ́jọ́ Ìsinmi ní ilé bàbá mi ní Yaba lọ́dún tó kọjá á rò pé ìyàwó bàbá náà ni mí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó kékeré wọlé bá. Bẹ́ẹ̀, ọmọ wọn àgbà ni mí. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, mo ní ọkọ tèmi ní Surulere, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìmọ̀ Bíbélì. Ọkọ àbúrò mi obìnrin ni mò ń jowú.

Kì í ṣe owó ló fà á, kì í ṣe ilẹ̀. Àríyànjiyàn ni. Bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó tó di pé wọ́n fẹ̀yìn tì, ní àṣà kan. Bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ti jẹ ìrẹsì tán, wọ́n á gbé àga méjì kọjú síra ní fàráǹdà, wọ́n á ṣí Bíbélì sí ibi tó le, wọ́n á ní, “Èmi á lù ú, ìwọ á gbèjà rẹ̀.” Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè gbèjà ohun tó gbà gbọ́, kò tíì gbà á gbọ́. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin á ti sá lọ gbá bọ́ọ̀lù, àbúrò mi obìnrin á ti sùn lọ. Èmi nìkan ni mo máa ń dúró. Mo ṣì kéré púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbèjà Ábúráhámù tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tó korò nínú ìwé náà tí mi ò tíì fi oyin pa lára. Àwọn tó ń pe èrò ní Jíbówú á máa pariwo Ìbàdàn, Iléṣà, Bàbá á sì gbóhùn sókè ju tiwọn lọ kí n lè gbọ́ ìbéèrè wọn. Bí mo bá dáhùn dáadáa, wọ́n á ní, “O borí mi.” Mi ò mọ ohun tó dùn tó gbólóhùn yẹn láyé mi, kódà lẹ́yìn tí mo lọ́kọ.

Àbúrò mi pẹ́ kó tó lọ́kọ. Ẹni tó wá fẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, Mùsùlùmí làwọn òbí rẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Tejuoso. Ilé ìfowópamọ́ lòun ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ará ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìyàwó rẹ̀, ó ra Bíbélì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́, kò fo nǹkan kan. Àwa tí wọ́n bí sínú ẹ̀sìn, ibi tí wọ́n bá kà sí wa létí la mọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò tiwa yìí ń fi tiẹ̀ ríran.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, ó ní òun fẹ́ bi Bàbá ní nǹkan. Ó ní òun rí i nínú Ẹ́kísódù pé bí ọkùnrin kan bá fi ọ̀pá lu ẹrú rẹ̀, tí ẹrú náà kò bá kú lójú ẹsẹ̀, tó tún wà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò sí ìyà fún olówó rẹ̀, torí pé owó rẹ̀ ló fi rà á. Ó ní ṣé bí Ọlọ́run ṣe rí ọ̀rọ̀ ẹrú nìyẹn. Mo ti la ẹnu láti dá a lóhùn, Bàbá na ọwọ́ sí mi pé kí n jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ojú wọn ń dán bí mi ò ṣe rí i kó dán rí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé àga kẹta wá. Nígbà tí màá fi dé lọ́sẹ̀ kejì, inú àga tèmi ló jókòó sí.

Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Mo ń se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje lọ fún bàbá mi, wọ́n á máa jẹ ẹ́, ojú wọn á wà lẹ́nu géètì. Wọ́n á ní, “Ṣé wọn ò tíì dé ni?” Èmi tí mo ti dé ń kọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀, Bàbá tí kì í pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù á pe àna wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí fóònù á fi kú. Àbúrò mi ló ń sọ fún mi, ó rò pé inú mi á dùn sí i. Ọkọ mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ọkùnrin méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo bínú sí òun náà.

Mo wá ní ó dáa. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo kó àkísà mi jáde. Mo lọ ka gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti sọ lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, mo múra bí ẹni ń lọ ṣe ìdánwò, mo sì dé Yaba lọ́jọ́ Ìsinmi kí ó tó dé. Àga mi ni mo jókòó sí.

Léfítíkù ló mú wá lọ́jọ́ náà. Ó ní òfin ní kí wọ́n dá ẹrú tó jẹ́ Hébérù sílẹ̀ bó pẹ́ bó yá, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n rà lára àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, èèyàn lè fi wọ́n sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ bí ogún. Mo ní ẹrú ìgbà náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n kó gba orí òkun lọ. Mo ní òfin kan náà ní kí wọ́n má dá ẹrú tó bá sá padà fún olówó rẹ̀. Mo ní nígbà tí Pọ́ọ̀lù rán ẹrú Fílémónì padà, bí arákùnrin ló ní kó gbà á. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Àǹtí, Pọ́ọ̀lù ò kúkú sọ pé kó dá a sílẹ̀.” Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bó bá jẹ́ pé ó ń pariwo ni, ǹ bá ti rí nǹkan bá a wí sí.

Ó wá bi mí nípa àwọn onígbàgbọ́ tiwa, àwọn àgbà ìjọ láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ní ẹrú nílé, tí wọ́n sì ń ka ìwé kan náà sí wọn létí. Bàbá tẹ̀ síwájú nínú àga wọn. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń retí kí n borí. Mo ní:

“Ẹrú tó bọ́ sọ́wọ́ onígbàgbọ́ láyé ìgbà yẹn ríre ni. Ó rí oúnjẹ, ó rí aṣọ, ó sì rí Jésù. Ta ló mọ ibi tí ì bá kú sí?”

Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọn ò sì jáde mọ́ títí tí a fi lọ. Ọkọ àbúrò mi ń wo ilẹ̀. Mo gbà pé mo ti ṣẹ́gun ni. Orin ni mo fi fọ abọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ní ooru mú jù, kò sí àríyànjiyàn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní orí ń fọ́ wọn. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé ọkùnrin náà ń yà lọ́dọ̀ wọn bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí àwọn méjèèjì á jókòó láìsí èmi. Mo pe àbúrò mi, mo ní òun àti ọkọ rẹ̀ ti gba bàbá mi lọ́wọ́ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá mi jà. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹrú tí ẹ sọ lọ́jọ́sí ló dun Bàbá. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ẹrú ni wọ́n ra ìyá àgbà wọn.”

Mo ní ìyá àgbà wo? Ó ní òun rò pé èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni wọ́n á ti kọ́kọ́ sọ fún. Ọkọ òun ni Bàbá sọ ọ́ fún, òun alára kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò ní parọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrú ló kọ́kọ́ dùn mí. Pé òun ni wọ́n sọ ọ́ fún ló dùn mí.

Mi ò dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ni mo gba Yaba lọ. Bàbá ń gbọ́ rédíò. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi gbọ́ tí àna wọn fi gbọ́. Wọ́n pa rédíò náà.

“Ìwọ ni mo kọ́ láti gbèjà,” ni wọ́n wí. “Láti kékeré rẹ ni mo ti ń lu ìwé yẹn níwájú rẹ, tí mò ń retí ọjọ́ tí wàá sọ pé, Bàbá, ẹ jàre, ibí yìí ò dáa. O ò sọ ọ́ rí. Ńṣe lo máa ń borí mi.”

Mo ní àwọn ni wọ́n fún mi ní ẹ̀gbẹ́ tí mo dúró sí. Wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn ò bá mi wí. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí. Wọ́n mi orí.

“Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Agbára àtisọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ò sí lára mi. Ọkọ àbúrò rẹ mọ̀ ọ́n. Lọ bi í.”

Ẹ wò ó, ọ̀nà Mushin, níbi tí àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, kò jìn sí Yaba, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo padà lẹ́nu géètì wọn. Pé kí n lọ bi ọmọ ọlọ́mọ nípa ìyá tó bí bàbá bàbá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gbé mọ́ọ̀tì tútù fún mi, ó ní kí àbúrò mi kó àwọn ọmọ wọ yàrá. Ó ní Bàbá ti pe òun pé mò ń bọ̀. Ó sì sọ ọ́.

Ó ní ogun ló kó ìyá náà ní kékeré. Ẹni tó rà á ni bàbá ńlá wa tí àwòrán rẹ̀ wà ní pálọ̀ Bàbá, tí gbogbo ìdílé fi ń yangàn pé inú ilé rẹ̀ ni ìjọ ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bàlàgà, ó fi í ṣe aya, kò bi í bóyá ó fẹ́. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà nínú ilé náà, àwọn ará ilé á jókòó, àwọn ẹrú á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà á ka ibi tí àpọ́sítélì ti ní kí ẹrú máa gbọ́ ti olówó rẹ̀, á sì gbójú sókè wò wọ́n. Ọkùnrin náà kú, ayé yí padà, ọmọ tí ìyá náà bí di olùkọ́ ìjọ, ó ra àga fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò jókòó lórí rẹ̀ nígbà àdúrà rí. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí títí ó fi di arúgbó. Bàbá mi, tó wà ní kékeré nígbà yẹn, di aṣọ rẹ̀ mú lọ́jọ́ kan, wọ́n bi í pé kí ló dé tí kì í jókòó. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn, ó sì sọ orúkọ tí ìyá tirẹ̀ sọ ọ́ kí ogun tó dé. Ó ní kí wọ́n má pè é nínú ilé yẹn.

Ọkọ àbúrò mi sọ orúkọ náà fún mi. Bí Bàbá ṣe máa ń wúkọ́ díẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ sọ ohun pàtàkì, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó pè é, bóyá kò tilẹ̀ mọ̀. Mo tún jowú. Ó ní nígbà tí Bàbá sọ ọ́ tán, wọ́n sunkún. Bàbá mi, tí omi kankan kò jáde lójú wọn nígbà tí a sin ìyá wa.

“Kí lo wá ṣe?” ni mo bi í.

“Mo dì wọ́n mú, Àǹtí.”

Mo bi í pé ibo ló ti dì wọ́n mú. Ó ní èjìká ni. Èmi tí mi ò dì wọ́n mú rí, mo bi í pé ṣé wọ́n ti rù lára.

“Wọ́n ti rù gan-an, Àǹtí.”